Ẹ bá mi wo àgbá yìí: báwo lẹ ṣe ń dá àgbá Ítálì mọ̀ nínú fọ́tò ogun Hitler?

OmoOgbomoso

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá tó bí ìyá mi wà lára àwọn ṣójà Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ bá Ítálì jà ní Sòmálíà àti Ẹtiópíà nígbà ogun Hitler. Fọ́tò mẹ́ta tí àgbá wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn ẹbí sọ pé àgbá Ítálì tí àwọn bàbá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ kọ àlàyé sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ wa lè mọ ohun tí wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ orúkọ bàbá.

Fọ́tò kìíní: àwọn ṣójà dúdú dúró ti àgbá kékeré kan, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ onígi, ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ "Harar 1941" sẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò kejì: àgbá tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú tó sì ki, asà fẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn ṣójà tiwa wà nídìí rẹ̀ bí ẹni ń múra àtiyìn ín. Fọ́tò kẹta: àgbá gíga kan nínú pápá, ẹ̀yìn ni wọ́n ti yà á, ẹnì kan jókòó sórí ìrù rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

AlagbaItan

Ẹ kú ìrántí bàbá o. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe níbẹ̀, àwọn èèyàn wa kò sì sọ ọ́ tó. Brigade 23 ti Nàìjíríà ló wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1941. Wọ́n gba Jijiga kọjá lọ sí ọ̀nà àárín òkè tí wọ́n ń pè ní Marda, wọ́n sì wọ Harar ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta. Ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò kìíní yẹn bá ìtàn mu, ó kàn jẹ́ pé kò tíì sọ irú àgbá tó jẹ́ fún wa ni.

Kí ẹ tó wo ohunkóhun nínú fọ́tò, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀pọ̀ àgbá tí Ítálì lò, ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ṣe ètò rẹ̀. Nọ́ńbà ni Ítálì fi ń pe àgbá wọn, "modello" sì ni irú rẹ̀. 75/27 modello 06, Krupp, ilé iṣẹ́ Jámánì, ló ni ín. 75/27 modello 11, Deport, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé e kalẹ̀. 105/28 jẹ́ ti Schneider, ilé iṣẹ́ Faransé. 100/17 àti 75/13 wá láti ilé iṣẹ́ Skoda ní Pilsen, nígbà tí Pilsen ṣì wà lábẹ́ ọba Austria-Hungary. 77/28 náà, ti Austria ni. Kódà 47/32 tí wọ́n fi ń dojú kọ ọkọ̀ ogun onírin, Böhler ti Austria ló kọ́kọ́ ṣe é.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí ní 1918, Ítálì kó àgbá Austria rẹpẹtẹ. Òmíràn, ojú ogun ni wọ́n ti gbà á, òmíràn sì jẹ́ ara ohun tí Austria fi san gbèsè ogun. Wọ́n kó wọn pamọ́, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì tún kó wọn jáde ní 1940. Àgbá kan náà lè jẹ́ ti Austria nínú fọ́tò ọdún 1916, kó jẹ́ ti Ítálì nínú fọ́tò ọdún 1940, kó tún di ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "àgbá Skoda lèyí, kò lè jẹ́ ti Ítálì," ẹ má gbà.

Ẹ má sì fi aṣọ ẹni tó dúró tì í ṣe ìdájọ́. Ní Tobruk ní Líbíà lọ́dún 1941, àwọn ṣójà ẹlẹ́sẹ̀ ti Australia, pẹ̀lú àwọn kúùkù àti akọ̀wé wọn, ń yìn àwọn àgbá Ítálì tí wọ́n bá nílẹ̀. "Bush artillery", ìyẹn àgbá inú igbó, ni wọ́n sọ wọ́n. Àgbá Ítálì pọ̀ nínú fọ́tò wọn, ará Ítálì kan kò sì sí níbẹ̀. Ẹtiópíà tún ní tirẹ̀: ní Adwa lọ́dún 1896, gbogbo àgbá tí Ítálì kó wá, 56, ni wọ́n pàdánù. Nítorí náà àgbá Ítálì lọ́wọ́ ará Ẹtiópíà kì í ṣe ohun ìyanu rárá, ó sì lè ti wà níbẹ̀ kí Hitler tó dé ìdí òṣèlú.

Ó yá, ẹ fún wa ní ohun tí ẹ rí lára kẹ̀kẹ́ àti ìrù. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pá.

WeldaOsogbo

Irin ni mo ń fi ọwọ́ mi ṣe, nítorí náà ojú irin ni mo fi ń wo fọ́tò. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe máa ń wò ó.

Ìrù ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ẹyọ kan ló nà sẹ́yìn, àbí ó pín sí méjì bí ẹsẹ̀ àkàbà tí wọ́n là? Àwọn àgbá ìgbà àtijọ́, ẹyọ kan ni ìrù wọn sábà máa ń jẹ́. 65/17, 77/28, 75/27 modello 06, ìrù ẹyọ kan ni gbogbo wọn. 75/27 modello 11 ni ìrù tirẹ̀ pín sí méjì, ó sì wà lára àwọn àgbá pápá àkọ́kọ́ láyé tó ní irú ìrù bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wo ìparí ìrù méjèèjì dáadáa, ẹ ó rí èèkàn irin tí wọ́n fi òòlù kàn wọ ilẹ̀ kí àgbá má baà yẹ̀. Tí ìrù bá pín tí èèkàn náà sì wà, tí kẹ̀kẹ́ sì jẹ́ onígi, modello 11 ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí.

Modello 11 ní àmì mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú. Lára àgbá púpọ̀, sílíńdà tó ń gba ìfàsẹ́yìn ọ̀pá nígbà tí wọ́n bá yìn ín máa ń bá ọ̀pá gbójú sókè ni. Ti modello 11 kò rí bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá gbé ẹnu ọ̀pá sókè, sílíńdà rẹ̀ á ṣì wà ní ìbú nísàlẹ̀. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ọ̀pá tó dojú kọ ọ̀run àti irin mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tó nà gbọọrọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Tí ẹ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Sílíńdà yìí kan náà ló máa ń yọ àgbá Gẹ̀ẹ́sì kúrò láàárín ti Ítálì. Irú àkọ́kọ́ lára àgbá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní 18-pounder, òkè ọ̀pá ni sílíńdà tirẹ̀ wà. Àwọn àgbá pápá Ítálì tó wọ́pọ̀, abẹ́ ọ̀pá ni tiwọn wà. Tí ẹ bá ti rí irin róbótó kan tó sùn sórí ọ̀pá, ẹ ronú kan Gẹ̀ẹ́sì ná.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀pá fọ́tò kejì ní àárín rẹ̀ gan-an. Ṣé irin kan wà tó yí i ká bí òrùka tó nípọn?

OmoOgbomoso

Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi fóònù ya fọ́tò kejì ní ìtòsí. Bẹ́ẹ̀ ni, òrùka kan wà láàárín ọ̀pá, ó nípọn ju ọ̀pá fúnra rẹ̀ lọ. Ìrù rẹ̀ sì pín sí méjì.

Ti fọ́tò kìíní, ìrù ẹyọ kan ni. Kẹ̀kẹ́ onígi rẹ̀ ní irin yí etí ká. Ṣójà tó dúró tì í jùlọ, kẹ̀kẹ́ náà kò ga ju òkè orúnkún rẹ̀ lọ púpọ̀, kò dé ìbàdí.

WeldaOsogbo

Ó tán. Fọ́tò kejì kì í ṣe ti Ítálì. Àgbá orí òkè ti Gẹ̀ẹ́sì lèyí, 3.7-inch howitzer. Ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ abala méjì, nọ́ọ̀tì ńlá kan ló so wọ́n pọ̀. Òrùka tí ẹ rí yẹn ni nọ́ọ̀tì náà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè tú àgbá náà palẹ̀, kí wọ́n sì gbé e kọjá níbi tí mọ́tò kò lè gbà. Ìrù tó pín àti asà tó fẹ̀ bá a mu pátápátá.

AlagbaItan

Mo gbè é lẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ìdílé yín fi èyí yangàn. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ẹgbẹ́ àgbá tiwọn, 3.7-inch sì ni wọ́n ń lò. Àwọn alárù ló ń ru ún lábala lábala níbi tí kò bá sí ọ̀nà. Àwọn tó wà nídìí àgbá yẹn nínú fọ́tò yín, ohun ìjà tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń yìn, wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ "àgbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ítálì" sábẹ́ rẹ̀, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá wa ni gbólóhùn yẹn ń bò mọ́lẹ̀.

TisaMaths_Ilesa

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Àwọn ará Ítálì fi nọ́ńbà méjì pe àgbá wọn. Èyí tó ṣáájú ni ìbú ihò ọ̀pá ní mílímítà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni iye ìgbà tí ìbú yẹn máa wọ inú gígùn ọ̀pá. 65/17, ihò rẹ̀ jẹ́ 65 mm, ọ̀pá rẹ̀ á tó nǹkan bíi 1,105 mm. 75/27 á tó nǹkan bíi 2,025 mm. 47/32 á tó nǹkan bíi 1,504 mm. Ẹ wò ó dáadáa: ihò 47/32 kéré sí ti 65/17, síbẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ gùn jù ú lọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé 65/17 máa ń dà bíi kùkùté, tí 47/32 sì tín-ínrín gbọọrọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọn ẹnu ọ̀pá nínú fọ́tò kẹ́ ẹ wá sọ pé ihò ni ẹ wọ̀n. Irin tó yí ihò ká nípọn. Kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ wọn gíga kẹ̀kẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wọn ọ̀pá láti ẹnu dé ìdí, kí ẹ fi ọ̀kan pín èkejì. Àgbá pápá tí ẹṣin ń fà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga, ó sábà máa ń lé ní mítà kan dáadáa, á dé àyà èèyàn tàbí kó súnmọ́ ọn. Àgbá orí òkè tí ìbaaka ń rù, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kéré nítorí pé ẹran ló máa gbé e. Kẹ̀kẹ́ tí kò dé ìbàdí nínú fọ́tò kìíní ti mú gbogbo àgbá pápá kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ gan-an nìkan ni ìṣirò yìí lè ṣiṣẹ́ fún. Tí àgbá bá yíjú sí kámẹ́rà díẹ̀, ọ̀pá á kúrú lójú ju bó ṣe rí lọ.

AlagbaItan

Tísà ti ṣí ọ̀nà fún wa. Àgbá kékeré, ìrù ẹyọ kan, kẹ̀kẹ́ onígi, ọ̀pá kúkúrú, Harar 1941. Cannone da 65/17 ni mo gbà pé ó jẹ́. Iṣẹ́ Ítálì fúnra wọn ni, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n díẹ̀ nínú gbogbo àkójọ tí mo kà sókè yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbá orí òkè fún àwọn Alpini, àwọn ọmọ ogun orí òkè ti Ítálì, kí ogun àgbáyé kìíní tó dé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kí wọ́n máa fà á tẹ̀ lé ara wọn. Kò wúwo ju nǹkan bíi 550 kg lọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ Ítálì ní Ẹtiópíà àti Sòmálíà.

Èyí tó lè jọ ọ́ ni 75/13 ti Skoda, tí òun náà jẹ́ àgbá orí òkè. Ọ̀pá tirẹ̀ sanra ju ti 65/17 lọ, ìdúró rẹ̀ sì ki. Ẹ fi méjèèjì síra lójú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wo ìpọn ọ̀pá sí gíga kẹ̀kẹ́.

OmoOgbomoso

Mo ti fi wọ́n síra. Ọ̀pá ti inú fọ́tò wa tín-ínrín ju ti 75/13 lọ, mo rí ìyàtọ̀ náà kedere. Inú mi dùn gidigidi. Fọ́tò kẹta wá ńkọ́?

AkojoKaadi

Kí ẹ tó dé fọ́tò kẹta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá èmi náà wo ọ̀kan. Àwọn fọ́tò àti káàdì àtijọ́ ni mo ń kó jọ. Mo ní ọ̀kan láti Líbíà: àgbá gàgàrà kan, ọ̀pá rẹ̀ gùn gan-an, wọ́n wá so pákó irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ mọ́ etí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yíká. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun kan dagẹrẹ bí òkè kékeré. Mi ò rí sílíńdà kankan, lókè tàbí nísàlẹ̀.

WeldaOsogbo

Á à! Èyí dára. Ohun tí ẹ kò rí yẹn gan-an ni àmì rẹ̀. 149/35 A ni.

Àgbá yìí kò ní ohun tó ń gba ìfàsẹ́yìn rárá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ṣe é. Tí wọ́n bá yìn ín, odindi àgbá náà, kẹ̀kẹ́ àti gbogbo ara rẹ̀, á sáré padà sẹ́yìn. Ohun tó dagẹrẹ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ló máa gun, ìdagẹrẹ náà á pa eré rẹ̀, á sì tún yí i padà síwájú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lè yin òmíràn. Ẹ wo wàhálà tó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀tá ń yin tirẹ̀ léraléra. Síbẹ̀, Ítálì ṣì kó o lọ jagun ní Gíríìsì àti Líbíà ní 1940 àti 1941.

Pákó irin etí kẹ̀kẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kó rì sínú iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pákó nìkan dá a mọ̀, torí àwọn ilẹ̀ mìíràn náà so irú rẹ̀ mọ́ àgbá wọn nígbà ogun kìíní. Ìdagẹrẹ, pákó, àti àìsí sílíńdà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni ẹ̀rí.

Lẹ́tà A tó wà níparí orúkọ yẹn, irin líle ni ó dúró fún. Ẹ ó rí B lára àwọn àgbá idẹ, kẹ́ ẹ tún rí G lára èyí tí wọ́n fi irin dídà ṣe.

Ajoke_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìlú London ni mo wà, àwọn fọ́tò àtijọ́ sì ni iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un fún ẹni tó bá fẹ́ wá fọ́tò tó jọ tirẹ̀.

Imperial War Museum ní fọ́tò ogun púpọ̀ lórí ayélujára, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò. Àwọn tí wọ́n yà ní Líbíà àti Íjíbítì, lẹ́tà E ló sábà máa ń ṣáájú nọ́ńbà wọn. Australian War Memorial ní Canberra ní ti Tobruk. Ní Ítálì, ibi méjì ni kí ẹ rántí: ilé àwọn ohun ìrántí àgbá ní Torino, àti ilé ohun ìrántí ogun ní Rovereto, tó kó ọ̀pọ̀ àgbá ogun kìíní sí ojú kan. Àgbá tí ẹ bá rí lójúkojú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tún lò ní ogun kejì.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò láìyẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ ilé ìjọba ló kọ ọ́. Ẹni tó ya fọ́tò lójú ogun, "àgbá Ítálì" ló máa kọ, á sì kọjá lọ.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fọ́tò kò yí padà, kí ọwọ́ ọ̀tún di òsì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láti ara fíìmù. Awò tí wọ́n fi ń fojú sùn, apá òsì àgbá ló sábà máa ń wà. Tí ẹ bá rí i lápá ọ̀tún, ẹ wo bọ́tìnnì aṣọ àwọn ṣójà tàbí ìwé tó bá wà lára ọkọ̀.

Ọkọ̀ tó ń fa àgbá náà máa ń sọ ọdún fún wa. Tí ẹ bá rí SPA TL 37, tirakítọ̀ tí táyà rẹ̀ tóbi, fọ́tò yẹn kò lè ṣáájú 1937. Pavesi P4, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin gàgàrà tí ara rẹ̀ sì ń ṣẹ́ láàárín bó bá ń yí kọ́nà, ti pẹ́ jù ú lọ. Kẹ̀kẹ́ onírin tó ní rọ́bà lára àgbá àtijọ́ náà, ẹ jẹ́ kó ta yín lólobó: wọ́n ti tún un ṣe kí mọ́tò lè máa fà á.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi tàbí ọṣẹ kan àwọn fọ́tò yẹn. Ẹ fi sìkánà kó wọn sórí kọ̀ǹpútà ní 600 dpi ó kéré tán, kí ẹ sì kó ẹ̀yìn wọn náà.

OmoOgbomoso

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe fọ́tò kẹta bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ onígi, ó ga dé àyà ẹni tó jókòó sórí ìrù ká ní ó dìde. Ìrù ẹyọ kan. Sílíńdà wà lábẹ́ ọ̀pá. Mi ò rí iwájú asà rárá.

AlagbaItan

Àgbá pápá ni, a ti mọ ìyẹn. Ìrù ẹyọ kan ti yọ 75/27 modello 11 kúrò. Ó ku 75/27 modello 06 àti 77/28. Ìyàtọ̀ ihò àwọn méjèèjì kò ju nǹkan bíi 2 mm lọ, kò sí ojú tàbí kọ̀ǹpútà tó lè rí ìyẹn nínú fọ́tò. Modello 06 máa ń ní àga méjì níwájú asà fún àwọn tó ń yìn ín, ó bani nínú jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ya tiyín.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ lè wá. Ìdí ọ̀pá, níbi tí wọ́n ti ń ki ọta bọ̀ ọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún sí i. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti yà á ṣe wá láǹfààní níbẹ̀. Tí ẹ bá súùmù, tí ẹ sì rí lẹ́tà, ẹ gbé e wá síbí. Ọdún tó bá wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe àgbá ni, kì í ṣe ti fọ́tò.

OmoOgbomoso

Mo rí àmì bí ìkọ̀wé níbẹ̀, ó ti ṣá jù, kò ṣeé kà.

AlagbaItan

Ẹ má fipá kà á nígbà náà. Bí mo bá wà nípò yín, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí. Fọ́tò kìíní: "Àwọn ṣójà Nàìjíríà pẹ̀lú àgbá Ítálì 65/17, Harar, 1941, ẹ̀yìn fọ́tò ló sọ ibi àti ọdún, ìrísí àgbá ló sọ irú rẹ̀." Fọ́tò kejì: "Àwọn ọmọ ogun wa nídìí àgbá 3.7-inch." Fọ́tò kẹta: "Àgbá pápá tí ẹṣin ń fà, ó jọ irú tí Ítálì lò, 75/27 modello 06 tàbí 77/28." Kí ẹ kọ orúkọ bàbá sí èyí tí ojú wọn bá ti hàn nìkan, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn, ẹ má lo báírò.

Ajoke_Peckham

Etí ẹ̀yìn fọ́tò ni kí ẹ kọ ọ́ sí o, kì í ṣe ẹ̀yìn ibi tí ojú èèyàn wà. Tí ẹ bá sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé fọ́tò kejì síbí ní títóbi rẹ̀. Fọ́tò àwọn ọmọ Nàìjíríà nídìí àgbá tiwọn ṣọ̀wọ́n, mo fẹ́ fi í wé àwọn tó wà lọ́wọ́ mi.